Ìtàn Ìwé tí Wọ́n fi ń Ka Ẹyẹ Ayé

Ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú iṣẹ́ àṣetiléwá wálé láti ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí ó kọ iye ẹ̀yà ẹyẹ tí ó wà ní gbogbo ayé. Nǹkan kékeré ni, àbí? Ó lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò wa, ó bá ìwé àtijọ́ kan tí ó sọ pé wọ́n jẹ́ nǹkan bí 8,600. Ó ṣí òmíràn, ìyẹn ní 9,672. Nígbà tí ó délé, ó wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí 11,131. Ó wá bi mí pé, "Dádì, èwo ni irọ́ nínú wọn?"

Iṣẹ́ akáńtáǹtì ni mo fi ń jẹun, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Bí oníṣòwò kan bá gbé ìwé wá fún mi, tí iye ọjà inú sítọ́ọ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò báyìí láìjẹ́ pé ó rà tàbí pé ó tà, ohun tí n óò kọ́kọ́ rò ni pé olè wà nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ gùn, ó sì kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí mo ti rò lọ.

Ẹni tí ó la ìwé náà sílẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ṣì ń gbà lò ó títí di òní ni Carl Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden. Ní 1758 ni ó tẹ ẹ̀dà kẹwàá ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Systema Naturae jáde. Ṣáájú ìgbà tirẹ̀, orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ẹyẹ kan lè gùn tó odidi ìlà kan, olúkúlùkù a sì máa sọ ọ́ bí ó ti wù ú. Linnaeus fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì péré ní èdè Látìn: èkíní dà bí orúkọ agbo ilé, èkejì dà bí orúkọ àbísọ. Ẹyẹ tí ó kọ sílẹ̀ ní ọdún yẹn kò ju nǹkan bí 550 lọ. Lékelékè wà lára wọn, Ardea ibis ni ó pè é. Odídẹrẹ́ náà wà níbẹ̀, Psittacus erithacus ni tirẹ̀. Linnaeus kò dé Áfíríkà rí. Ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kó wá àti ohun tí ó kà ni ó fi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, a óò padà sí wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkú ẹyẹ láti ìhà gbogbo ayé wá sí Yúróòpù. Wọn a bó awọ ẹyẹ tòun tìyẹ́, wọn a fi òwú dí inú rẹ̀, wọn a so páálí kékeré mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Orí páálí yìí ni wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti pa á sí, ọjọ́ tí wọ́n pa á àti ẹni tí ó pa á. Risíìtì ni mo ń pè é ní tèmi, nítorí awọ tí kò bá ní in kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ń ṣe ìwádìí. Ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Bowdler Sharpe ni wọ́n fi àwọn ẹrù yìí sí ìkáwọ́ rẹ̀. Láti 1874 títí di 1898, òun àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìdìpọ̀ ìwé 27 jáde. Kò sinmi. Láti 1899 títí di 1909 tí ó kú, ó tẹ ìdìpọ̀ márùn-ún mìíràn tí ó jẹ́ kìkì orúkọ ẹyẹ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀yà 19,000.

Ìdí tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Bí ẹyẹ tí wọ́n mú wá láti erékùṣù kan bá fi díẹ̀ gùn ju èkejì rẹ̀ lọ, tàbí tí àyà rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀ sí i, ó di orúkọ tuntun, ó di ìlà tuntun nínú ìwé. Ẹni tí ó bá sì fún ẹyẹ lórúkọ, orúkọ tirẹ̀ náà á máa tẹ̀ lé ti ẹyẹ náà nínú ìwé títí ayé. Ẹ kúkú mọ̀ bí ọmọ aráyé ti fẹ́ràn kí orúkọ wọn má parẹ́.

Àwọn tí wọ́n wá lẹ́yìn ni wọ́n ṣe ọ́dítọ̀ ìwé náà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú 19,000 yìí kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ará ilé kan náà ni wọ́n, tí olúkúlùkù ń gbé ní ìlú tirẹ̀. Orúkọ kẹta ni wọ́n ń fi kún orúkọ méjì ti Linnaeus fún irú wọn, kí ó máa sọ ẹ̀ka tí ẹyẹ náà ti wá, bí ìgbà tí a bá ní Yorùbá ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni tèmi, Èkìtì ni tìrẹ. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí ni Ernst Mayr, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó dé New York ní 1931. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọ̀ ni a fi ń mọ ẹ̀yà, bí kò ṣe ìgbéyàwó: àwọn ẹyẹ tí wọ́n bá ń bá ara wọn bímọ níbi tí wọ́n ti pàdé, tí ọmọ náà sì ń bímọ, ẹ̀yà kan ni wọ́n. Kò sì ṣe àìní ẹrù tí yóò yẹ̀ wò. Ní 1932, Walter Rothschild, ọmọ ìdílé olówó báǹkì ní Ìlú Ọba níhìn-ín, ta awọ ẹyẹ 280,000 fún mùsíọ́ọ̀mù New York ní dọ́là 225,000. (Mo ṣírò rẹ̀: awọ kan kò tó dọ́là kan. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n rà á.) Ní 1946, Mayr kéde iye tirẹ̀: 8,616. Kì í ṣe pé ẹyẹ ni ó kú tí iye fi já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà ni wọ́n pa pọ̀. Ibẹ̀ ni 8,600 tí ọmọ mi kọ́kọ́ rí ti wá.

Nígbà kan náà, James Lee Peters ní Yunifásítì Harvard ti dáwọ́ lé ìwé tuntun tí yóò ka gbogbo ẹyẹ ayé pátá. Ìdìpọ̀ kìíní jáde ní 1931. Nígbà tí ó kú ní 1952, méje péré ni ó ti jáde. Mayr àti àwọn mìíràn ni wọ́n bá a gbé e dé òpin, ìdìpọ̀ kẹrìndínlógún sì jáde ní 1987. Ọdún 56! Ìdìpọ̀ kìíní ti gbó débi pé wọ́n ní láti tún un ṣe ní 1979, nígbà tí gbogbo àwọn tí ó kẹ́yìn kò tíì jáde. Bí èmi bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó parí ìwé oníbàárà, ẹ̀wọ̀n ni ẹ óò ti máa wá kí mi.

Kọ̀ǹpútà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Charles Sibley àti Jon Ahlquist lo DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá tí ń bẹ nínú ara gbogbo ẹ̀dá, láti wá bí ẹyẹ kan ti bá èkejì tan. Ní 1990, Sibley àti Burt Monroe tẹ ìwé tí wọ́n ti ka ẹ̀yà 9,672. Àwọn mìíràn sì ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ nínú igbó. Wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹ kan wà tí àwọ̀ wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí èyí bá kọrin, tọ̀hún kì í dá a lóhùn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà tí Mayr àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa pọ̀. Iye tún gòkè.

Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó ń kọ irú ìwé báyìí. James Clements tí ó kọ tirẹ̀ jáde ní 1974, oníṣòwò ni ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Denis Lepage ní Kánádà. Ní 1992 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ ẹyẹ jọ sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ní 2003 ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Avibase, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí Lepage rí ni ohun tí akáńtáǹtì yóò tètè rí: orúkọ kan náà lè wà nínú ìwé méjì, kí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ má sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàpẹẹrẹ. Ìwé ọdún kan kọ "owó ọkọ̀", ó ka epo àti àtúnṣe mọ́ ọn. Ìwé ọdún kejì náà kọ "owó ọkọ̀", ṣùgbọ́n ó ti yọ àtúnṣe sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fi méjèèjì wé ara wọn láìbéèrè, ẹ óò rò pé awakọ̀ ti ronú pìwà dà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ ẹyẹ rí. Psittacus erithacus inú ìwé kan lè jẹ́ gbogbo odídẹrẹ́ láti Guinea dé Kẹ́ńyà, kí ti inú ìwé kejì jẹ́ apá kan wọn péré. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ ni Lepage fún ní nọ́ńbà, ìtumọ̀ ni. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ní nínú àwọn ìwé pàtàkì láti nǹkan bí ọdún 125, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ sì lè tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ìwé dé ìwé. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí láti fi ìwé ilé iṣẹ́ wé ìwé báǹkì ní alẹ́ ọjọ́ tí oṣù ń parí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyí.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n kò tó àwọn tí ń ka ẹyẹ. Nígbà tí ó fi máa di 2014, ìwé ńlá mẹ́rin ni ó ti wà, tí olúkúlùkù wọn ní tirẹ̀ ni kí aráyé máa lò. Ọ̀kan ni ti Howard àti Moore, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1980. Ọ̀kan ni ti Clements, tí àwọn ará Yunifásítì Cornell gbà tọ́jú lẹ́yìn tí ó kú ní 2005. Ọ̀kan ni ti IOC, tí Frank Gill jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ti ẹgbẹ́ BirdLife, tí òun àti àwọn òǹtẹ̀wé kan ní Barcelona jọ ṣe. Ẹyẹ tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan nínú ìwé yìí lè di méjì tàbí mẹ́ta nínú tọ̀hún.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kàn wá nínú ìjà àwọn akọ̀wé. Odídẹrẹ́ ni ìdáhùn mi.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta lọ sí Odò Ọya. Gbogbo wa mọ̀ pé Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò yẹn, àti pé ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n gba onímọ̀ nípa ẹranko kan mọ́ ìrìn-àjò náà, Louis Fraser, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù Zoological Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1844, Fraser fún odídẹrẹ́ apá ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún ní orúkọ tirẹ̀, Psittacus timneh, nítorí àwọn Temne ilẹ̀ Sàró. Fraser yìí kan náà ni ó padà wá di igbákejì kọ́ńsọ́ọ̀lù ní Ouidah ní 1851, tí ó sì bọ́ sí Èkó ní 1852, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lé Kòsọ́kọ́ tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Nínú ìwé ìtàn Èkó, olóṣèlú ni; nínú ìwé ẹyẹ, òun ni bàbá ìsọmọlórúkọ.

Odídẹrẹ́ tí Fraser sọ lórúkọ kéré sí tiwa, ó sì dúdú jù ú lọ. Ìrù rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Tiwa pọ́n yòò, òun ni a ń pè ní ìkóódẹ, tí a ń rí lára adé ọba àti níbi ètùtù, tí àwọn olórìṣà Candomblé ní Bràsíìlì ṣì ń pè ní ekodidé títí di òní. Ti ilẹ̀ Sàró pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ. Mo rò pé babaláwo tí ẹ bá gbé e fún yóò dá a padà fún yín ni. Síbẹ̀, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ìwé pa á pọ̀ mọ́ tiwa, wọ́n sọ timneh di orúkọ kẹta lásán.

Ewu tí ó wà nínú ìpapọ̀ yẹn rèé. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ni àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀dá tó fẹ́ parun fi ń ṣe ìṣirò wọn: mélòó ni ó kù, ṣé ó ń dín kù, ṣé ó yẹ kí a ná owó lé e lórí? Odídẹrẹ́ ilẹ̀ Sàró kò kọjá láti Guinea-Bissau dé ìwọ̀ oòrùn Ivory Coast. Níwọ̀n ìgbà tí ó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ti igbó ńlá Kóńgò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti Kóńgò ni wọ́n ń bá a kà. Mo ti rí i níbi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ tí ó da èrè ẹ̀ka kan mọ́ gbèsè ẹ̀ka kejì títí ìkejì fi kú láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ní 2012, BirdLife ya odídẹrẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ní 2016, wọ́n ka àwọn méjèèjì mọ́ ẹyẹ tí ó wà nínú ewu ìparun. Ọdún yẹn náà ni àwọn olùwádìí sọ pé ní Gánà, níbi tí ó jẹ́ pé odídẹrẹ́ tiwa yìí ni ó ń gbé, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó wà ní 1992, láti 90 dé 99 ni kò sí mọ́. Wọ́n ti mú wọn tà fún ẹni tí ń sìn wọ́n nínú àgò, wọ́n sì ti gé igi ńlá tí wọ́n ń yé sí.

Ẹ má rò pé yíyà nìkan ni ó dára ṣá. Ní 2016 yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n fi òfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó káàkiri àgbáyé. Ìwé tí CITES fi ń mọ orúkọ ẹyẹ nígbà náà ni ti Howard àti Moore ti ọdún 2003, tí ó ṣì ka àwọn méjèèjì sí ẹ̀yà kan. Nítorí bẹ́ẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú òfin, ó sì bo ti ilẹ̀ Sàró mọ́ tiwa. Ìwé tí ó ti di àtijọ́ ni ó ṣe wọ́n lóore lọ́jọ́ náà.

Láti 2018 ni àwọn oníwèé wọ̀nyí ti jókòó pọ̀ láti mú ìwé wọn bára mu, Lepage àti Avibase rẹ̀ sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n gbé ìwé kan ṣoṣo jáde tí ń jẹ́ AviList. Ẹ̀yà 11,131 ni ó wà níbẹ̀, nínú ìdílé 252. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó, wọn yóò sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Iye yìí ni mo ní kí ọmọ mi kọ, ṣùgbọ́n mo ní kí ó kọ ọdún 2025 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báláǹsì tí kò ní ọjọ́ lórí kì í ṣe báláǹsì.

Mo wá lékelékè nínú rẹ̀. Ní 1855, Charles Lucien Bonaparte, ọmọ àbúrò Napoleon, ti mú un kúrò ní agbo ilé tí Linnaeus fi í sí, ó fún un ní orúkọ Bubulcus, ìyẹn darandaran. Orúkọ náà yẹ ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn màlúù yóò jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò DNA ti dá a padà sí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ardea ibis gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 1758. Lékelékè yìí fi ìyẹ́ ara rẹ̀ ré òkun kọjá láti Áfíríkà sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1953 wọ́n rí ìtẹ́ rẹ̀ ní Florida. Ó ti wà ní Bràsíìlì àti Kúbà báyìí. Wọ́n ti ya ti ilẹ̀ Éṣíà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ti Kúbà àti ti Ọ̀yọ́ ṣì wà lórí ìlà kan náà. Òwìwí kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń ké lóru ní Nàìjíríà àti èyí tí ó wà níhìn-ín ní Ìlú Ọba jẹ́ ọ̀kan, Tyto alba; ti Amẹ́ríkà, Bràsíìlì àti Kúbà ti di Tyto furcata. Mo ka èyí fún àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Houston lórí fóònù, wọ́n ní kí ni ó kàn wọ́n pẹ̀lú òwìwí.

Ìlà kan tún wà tí mo fi ìka sí fún ìgbà pípẹ́: Malimbus ibadanensis, Elgood, 1958. John Elgood jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ University College. Ẹyẹ yìí bá ẹ̀ga tan, ó dúdú, akọ rẹ̀ pọ́n ní orí àti àyà, kò sì sí ibòmíràn láyé tí ó wà àfi ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó wà nínú ewu. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ṣì ti ń rí i ni igbó tí ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA dá sí ní Ìbàdàn. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, mo mú àwòrán rẹ̀ lọ, mo bi àwọn àgbà mẹ́ta tí wọ́n dàgbà sí Ìbàdàn pé kí ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wa. Èkíní ní ẹ̀ga ni. Mo ní kì í ṣe ẹ̀ga gan-an, bàbá. Èkejì ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta gba àwòrán náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó bi mí pé kí ni òyìnbó ń pè é. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ Ìbàdàn ni nígbà náà," ó sì fi àwòrán náà sápò.